Kí Ló Gba Oorun Lójú Ọmọ?

Láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́ ni ilé oògùn mi ní Jojú, ní Ṣàngó-Ọ̀tà, máa ń kún jù. Ìgbà yẹn làwọn tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní àwọn iléeṣẹ́ ọ̀nà Ìdìrókò àti ti ẹ̀bá títì Abẹ́òkúta ń darí sílé, tí àwọn oníṣẹ́ òru sì ń lọ. Nínú àwọn tó ń yà sọ́dọ̀ mi, àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ni mo máa ń fara balẹ̀ gbọ́ jù, torí ohun tí wọ́n béèrè kì í sábà jẹ́ ohun tó gbé wọn wá. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ oògùn ikọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ò húkọ́. Òmíràn á ní kí n fún òun ní fítámì tó máa ń jẹ́ kí wọ́n jẹun kí wọ́n sì sùn. Bí mo bá wá ní, "Ìyá wa, kí ló ń ṣe ọmọ gan-an?" ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á ti jáde: "Àǹtí, kì í sùn. Aago mọ́kànlá á lù, ojú ẹ̀ á ṣì là kedere. Ẹ wo ojú tèmi náà."

Mo máa ń wo ojú wọn, mo sì máa ń rí àárẹ̀ tí wọ́n ń sọ. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti di ẹ̀bi ru ìyá kankan. Ohun tí mo gbà gbọ́, láti ìgbà tí mo ti ń ta oògùn ní Ṣàngó, ni pé oorun ọmọ kékeré kì í dédé sá lọ. Nǹkan ló ń lé e. Tí a bá da oògùn lé ọmọ lórí ká tó wádìí ohun tó ń lé oorun rẹ̀, ohun náà á ṣì wà níbi tó wà. Ọmọ nìkan ni kò ní lè fi ẹkún sọ fún wa mọ́.

Èyí tó wá gbòde lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni súìtì oorun láti Amẹ́ríkà. Obìnrin kan tó ń di bisikíìtì sínú páálí ní iléeṣẹ́ kan lọ́nà Ìyànà-Ìyẹ̀sí gbé ike kan kalẹ̀ sórí káńtà mi. Àbúrò rẹ̀ ní Texas ló fi ránṣẹ́. Mo ṣí i. Súìtì rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n gé bí ẹranko kékeré ló wà nínú rẹ̀, ó pupa rúsúrúsú, ó ń ta sánsán bí èso àjàrà, ṣúgà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti na ọwọ́ sí i kí n tó rí ìdérí rẹ̀ dé padà. "Ó mọ̀ ọ́n," ni ìyá rẹ̀ wí, "ó máa ń tọrọ òmíràn." Melatonin ni wọ́n kọ sára ike náà.

Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe melatonin. Ẹ̀yà kékeré kan wà láàárín ọpọlọ tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ara lè mọ̀ pé òru ti dé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sójú, á dáwọ́ dúró. Dókítà Aaron Lerner àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Yale ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní 1958, láti inú ọpọlọ màlúù. Àrùn awọ ara ni Lerner ń wá oògùn sí nígbà náà, oorun ò sí lọ́kàn rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1994 ló wá jẹ́ kí melatonin di ohun tí wọ́n ń tà bí àfikún oúnjẹ, tí ẹni tó ṣe é kò fi ní láti fi ẹ̀rí kankan han ìjọba kó tó gbé e lọ sọ́jà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Oògùn ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń ṣà lórí àtẹ ní Houston, àbúrò rẹ̀ ní London ò lè rí i rà láìsí ìwé dókítà.

Mo sọ fún obìnrin náà pé ohun tí wọ́n kọ sára ike lè má jẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 2023, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ra oríṣi súìtì bẹ́ẹ̀ 25, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Ti 22 nínú wọn ni kò bá àkọlé mu. Ọ̀kan wà tí melatonin inú rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ. Òmíràn ò tilẹ̀ ní melatonin kankan nínú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ọmọ yẹn nà ló bà mí lẹ́rù jù. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ibùdó tí wọ́n ń fi fóònù pè bí ọmọ bá gbé májèlé jẹ, ìpè nítorí ọmọ tó gbé melatonin jẹ jẹ́ 8,337 ní 2012. Nígbà tó fi máa di 2021, ó ti di 52,563. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, tí wọ́n rí i nílé, tí wọ́n sì rò pé súìtì ni. Ọ̀pọ̀ wọn ni nǹkan kan ò ṣe. Síbẹ̀, láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ọmọ márùn-ún ni wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ kí wọ́n tó lè mí, méjì sì kú.

Àwọn ọmọ kan wà tí melatonin wúlò fún, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́. Àwọn ọmọ tó ní autism, tí aago ara wọn kì í bá ti ilé lọ, lè sùn dáadáa nígbà tí dókítà bá fún wọn. Ní 2018, àwọn aláṣẹ oògùn Yúróòpù fọwọ́ sí ọ̀kan fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọmọ ọdún méjì lọ sókè, lórí àdéhùn pé wọ́n ti kọ́kọ́ tún ìṣe alẹ́ ilé ṣe tí kò sì tó. Dókítà ló ń wọn ìwọ̀n, òun ló sì ń ṣọ́ ọ. Ọmọ ìyá tó gbé súìtì wá yìí kò sí lára wọn. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ni ìyá àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé máa ń pa tẹlifíṣọ̀n.

Súìtì Amẹ́ríkà wọ́n, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àbúrò ní Texas. Èyí tó wọ́pọ̀ ládùúgbò wa ni ìgò olómi tí gbogbo ayé ń pè ní fítámì. Bí ìyá bá ti dárúkọ rẹ̀, mo máa ń gbé páálí náà, màá yí i padà, màá fi orí bírò tọ́ka sí lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fítámì B wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lysine wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó rí cyproheptadine. Mọ̀lẹ́bí Piriton nìyẹn, oògùn ara yíyún, tó máa ń mú kí ènìyàn fẹ́ jẹun tí oorun sì máa ń kùn ún. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ tí ìyá rí tó fi ń yin fítámì. Tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú ìgò, ọmọ náà ò ní sùn ju bó ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò sí fítámì kankan lórí àtẹ mi tó ń kun ọmọ lóorun.

Ẹbí Piriton ọ̀hún pọ̀. Phenergan wà nínú wọn, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ promethazine. Ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ wà lára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, nítorí ó lè dín èémí ọmọ kù títí tí ẹ̀mí á fi bọ́. Àwọn ọmọ míì tún wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá mu ún, ńṣe ni wọ́n máa ń ta kébékébé, tí wọn ò ní lè jókòó, kí ìyá tó ń retí oorun wá ro pé ó yẹ kí òun tún fi ṣíbí kan kún un.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu káńtà yìí, ọ̀kan wà tí inú mi ṣì ń ru sí. Ìyá kan ní ọmọ òun, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, máa ń sùn ní ibi tí òun ń gbé e sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á wá lajú sílẹ̀ títí di aago kan òru. Oògùn òru ló fẹ́. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tí wọ́n ń fún ọmọ mu lọ́sàn-án. Kò dá mi lóhùn. Ní Sátidé ó padà wá, ó ní òun béèrè, wọ́n sì sọ pé oògùn ikọ́ díẹ̀ ni, kí gbogbo wọn lè jọ sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó ní ìlera, tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ó wà láàyè tó sì ń pariwo! Tí mo bá ti ta oògùn òru fún un, oògùn ni ọmọ náà ì bá máa fi jí, oògùn ni ì bá sì máa fi sùn.

Kò sí ìran tí kò wá oorun ọmọ kiri. Àwọn ìyá wa lo gripe water, tí wọ́n gbà pé ó ń lé inú rírun. Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, William Woodward ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1851, ọtí sì wà nínú èyí tí wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti dàgbà mu, kó tó di pé wọ́n yọ ọ́. Ìlú àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ni Nottingham nígbà yẹn. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń lọ ṣiṣẹ́ á fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan, ìyá arúgbó á sì fún gbogbo àwọn ọmọ ní oògùn dídùn kan tí wọ́n ń pè ní Godfrey's Cordial, kí wọ́n lè dákẹ́. Ọpíọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò jí, àwọn míì rù hangogo torí wọn kì í jí láti mu ọmú. 1868 ni òfin tó fi títa ọpíọ́ọ̀mù sábẹ́ àwọn apoògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo máa ń ro ìtàn yẹn bí mo bá gbọ́ fèrè iléeṣẹ́ láti Ojú-Ọrẹ. Ìyá kò sí nílé, ọmọ ò sùn, àwọn ọmọ pọ̀ ju agbára ẹni tó ń ṣọ́ wọn lọ, adùn sì wà nínú ìgò.

Àwa náà ní tiwa. Nínú oṣù kọkànlá 2008, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwòsàn láìlè tọ̀. Oògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin ni wọ́n ti mu. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń hu eyín, tí kò jẹ́ kó fojú kan oorun, ló ń rà á. Paracetamol àti diphenhydramine ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, diphenhydramine yìí sì jẹ́ ẹbí Piriton kan náà tí mo ń sọ, tó ń kun ọmọ lóorun. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi pò ó ni wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ: wọ́n rò pé propylene glycol ni, diethylene glycol ló jẹ́, kẹ́míkà ilé iṣẹ́ tó dùn lẹ́nu tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ 84 ló kú. NAFDAC ti iléeṣẹ́ Barewa tó ṣe é ní Èkó, ilé ẹjọ́ sì rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún méje ní 2013. Ọdún 1990 ni ohun kan náà ti pa ọmọ 47 ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Jos. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Gáḿbíà ní 2022. Nígbà tí mo bá ń bẹ ìyá kan pé kó má ra ìgò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri nínú bọ́ọ̀sì ní Toll Gate, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló wà lọ́kàn mi. Ìlera wọn pé. Eyín ni wọ́n ń hu.

Bẹ́ẹ̀, ìlú tí wọ́n ń ṣe oògùn ni Ọ̀tà. May & Baker ní iléeṣẹ́ ńlá rẹ̀ níbí, Fidson àti Drugfield wà lẹ́bàá títì Èkó sí Abẹ́òkúta. Drugfield ń ṣe jẹ́lì chlorhexidine tí wọ́n ń fi sí ìdodo ọmọ tuntun, oògùn kékeré tí ìwádìí fi hàn pé ó ń dènà kòkòrò àìsàn tí ń pa ọmọ jòjòló. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ra nǹkan lọ́wọ́ mi. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fojú rí kí wọ́n tó gbà kí ìgò kan jáde. Mo fẹ́ kí a máa fi ojú yẹn wo ohunkóhun tí a bá fẹ́ rọ sí ọmọ lẹ́nu nítorí oorun: ẹ̀rí wo ló wà fún un, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Kí ló wá ń lé oorun ọmọ ní Ṣàngó? Nígbà míì, àìsàn ni. Bàbá kan fi fóònù ká ohùn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin sílẹ̀ lóru, ó gbé e sí mi létí. Ọmọ náà hanrun, ó hanrun, ó dákẹ́. Ó dákẹ́ títí tí èmi àti bàbá rẹ̀ fi wo ara wa, kó tó fa èémí hàà. Ẹran tó wú lẹ́yìn imú ló ń dí i. Tí ẹ bá fi oògùn kun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóorun, ara tó ń jí i kó lè mí lẹ ti dè mọ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà imú àti ọ̀fun ní Abẹ́òkúta. Aràn tó ń jáde ní ìdí lóru náà ń jí ọmọ. Etí ríro, ibà, èélá, fòníkú-fọ̀la-dìde, gbogbo wọn ló ń jí ọmọ. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lè máa ta ẹsẹ̀ ní gbogbo òru, oògùn ẹ̀jẹ̀ sì lè tún oorun rẹ̀ ṣe. Àfikún kan ṣoṣo tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nìyẹn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá kàn ń fún un láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò ń fi ẹ̀mí ọmọ ṣeré. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé mu lámujù ń pa ọmọ.

Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí àìsàn. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jáde ní 2019 sọ pé ọmọ ọdún kan sí méjì yẹ kó sun wákàtí 11 sí 14, ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin wákàtí 10 sí 13, tọ̀sán tòru. Ẹ wá wo ilé yàrá kan ní Ìjokò. Páànù ti fa oòrùn mu látàárọ̀, kò tíì tutù. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń dún. Bàbá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lábẹ́ afárá Ṣàngó, aago mẹ́wàá kọjá kó tó wọlé, ọmọ sì fẹ́ rí i. Fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ kó lè jókòó jẹ́ẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún ọpọlọ rẹ̀ pé ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ó lè ti mu kóòkì ìdajì ìgò. Aago márùn-ún àárọ̀, wọ́n ń jí i, torí bọ́ọ̀sì iléèwé máa dé ní mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka wákàtí ibẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ò ju èyí tí àwọn ìyá àgbà ti mọ̀ lọ: ẹ wẹ̀ ẹ́ lálẹ́ nígbà tí ooru bá mú, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ pa iná, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì, kó jẹ́ aago kan náà lójoojúmọ́, kí ẹnì kan pa àlọ́ fún un tàbí kó pọ̀n ọ́n. Àwọn tó bá lè ṣe é máa ń padà wá sọ fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pé ó ti ń sùn. Àmọ́ ta ló máa pa àlọ́ fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ wọ iṣẹ́ ní aago méje alẹ́ tí yóò jáde ní méje àárọ̀?

Ibí ni agbára apoògùn ti pin. Abala 55 nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé kí wọ́n má gba obìnrin sí iṣẹ́ òru ní iléeṣẹ́, àyàfi àwọn bíi nọ́ọ̀sì àti àwọn ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ mi kò gbọ́ ọ rí. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òfin yẹn jáde lọ́la kó fi lé wọn níṣẹ́, torí owó òru ni wọ́n fi ń san owó iléèwé. Ohun tí mo fẹ́ kéré sí ìyẹn: kí ìyá tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lè bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀sán láìjẹ́ pé wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Òfin kan náà gbà fún ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú kó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tọ́jú ọmọ rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń rí i gbà?

Obìnrin tó gbé súìtì Texas wá bá alábòójútó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà fún un kó máa ṣe ọ̀sán ní oṣù kan, kó ṣe òru ní oṣù kejì. Ní oṣù tó bá ń ṣe òru, ọmọ á lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìfọ̀, níbi tí iná ti máa ń kú ní aago mẹ́jọ tí kò sì sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ń sùn dáadáa níbẹ̀. Ó ń sùn níbẹ̀ ju bó ṣe ń sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sì fẹ́ máa padà wá sí Ṣàngó mọ́ bí oṣù bá parí. Inú ìyá rẹ̀ ò dùn sí i. Ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kejì, ọ̀kan fún Ìfọ̀, ọ̀kan fún ilé, ó sì béèrè bóyá mo mọ iléeṣẹ́ kankan tí kì í ṣe òru rárá.